Ọwọ́ Òsì Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ẹ̀ṣẹ́ Àwọn Alápatà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ní Sábó ìlú Sáríà, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín iwájú mi kan, mi ò sì sunkún. Ẹ̀rín ni mo ń rín, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sí mi láyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé òkè Hausa ní àwọn ọdún yẹn, tẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dambe, ọ̀rọ̀ mi á ti máa yé yín. Ẹ̀yin yòókù, ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀fà ni bàbá wa ti wá. Iṣẹ́ réluwéè ló gbé wọn dé Sáríà kí wọ́n tó bí mi. Gáàdì ni wọ́n, ẹni tó máa ń wà lẹ́yìn pátápátá ọkọ̀ ojú irin, tó ń fọn fèrè, tó ń fì àsíá, kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Wọ́n a bá ọkọ̀ lọ sí Kaura Namoda, wọ́n a sì lo ọjọ́ méjì kí wọ́n tó dé, tí eruku á ti sọ irùngbọ̀n wọn di pupa. Màmá ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ariwo ẹ̀rọ wọn ló máa ń jí wa láràárọ̀. A ó mu kúnú gbígbóná, a ó fi kósáì, ìyẹn àkàrà, tì í, a ó pọnmi, a ó fọ abọ́, ká tó sáré lọ sí ilé ìwé. Èdè Hausa yọ̀ lẹ́nu àwa ọmọ ju Yorùbá lọ. Bí Màmá bá rán wa níṣẹ́, "To", ìyẹn "ó dáa", la máa ń dá wọn lóhùn, wọ́n á sì ju sálúbàtà lù wá pé ṣé bí wọ́n ṣe ń dá ìyá lóhùn l'Ọ́fà nìyẹn.

Jídé lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi ọdún méje jù mí lọ, ṣùgbọ́n a sún mọ́ra débi pé mi ò kì í pè é ní Bọ̀dá àfi bí àwọn òbí wa bá wà nítòsí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú láyé: ọwọ́ òsì ló ń lò. Bàbá kò lè fara mọ́ ọn. Wọ́n ní nínú gbogbo ìdílé àwọn, kò sí ẹni tó ń fi òsì jẹun. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, wọ́n á fa àjákù aṣọ kan yọ, tó jẹ́ àlòkù ìró Màmá, wọ́n á fi so ọwọ́ òsì Jídé mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Á wá máa fi ọwọ́ ọ̀tún tó le gbagidi bu tùwó, ọbẹ̀ kúkà á máa kán sí i lára, èmi á sì máa wo inú abọ́ mi kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Ní ilé ìwé, rúlà ni wọ́n fi ń bá ọwọ́ náà wí. Nígbà tó yá, Jídé di ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò ṣòkòtò, bíi pé ó jí nǹkan pa mọ́ síbẹ̀.

Ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé wa ni Málàm Dánládì ń gbé. Alápatà ni wọ́n, bàbá wọn ṣe é, bàbá bàbá wọn ṣe é. Nígbà tí mo gbọ́n, àwọn ọmọ wọn ló ti ń pa ẹran, Málàm fúnra wọn kàn ń jókòó lórí àkéte lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n ń bojú tó iná tí wọ́n fi ń sun tsire, ìyẹn sùúyà. Òórùn ọ̀rá ẹran tó ń kán sínú iná, pẹ̀lú ata àti kúlíkúlí lílọ̀, kò jẹ́ kí ọmọ kankan lè gba iwájú ilé yẹn kọjá láì dúró. Bí Màmá bá rán wa lọ ra ẹran, a ó pẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n á fi máa pariwo orúkọ wa láti ojú fèrèsé.

Ọjọ́ kan ni àgbò kan já okùn ní ẹ̀yìn ilé Málàm. Èmi ni mo dúró sí ọ̀nà rẹ̀, abọ́ ẹran lórí mi. Ó doríkodò, ó ń bọ̀ gìrìgìrì. Jídé fò síwájú mi. Kò ráyè ronú, ọwọ́ òsì jáde nínú àpò, ó sì gbá àgbò náà ní ẹ̀ṣẹ́ níwájú orí. Ṣé ẹ mọ̀ pé àgbò yẹn jókòó? Ó rọra jókòó sílẹ̀ bí àlejò tí wọ́n fún ní àga, ó ń wo ọ̀kánkán.

Málàm Dánládì dìde lórí àkéte wọn. "Kai! Bahago!" ni wọ́n pariwo, ìyẹn ni pé ọlọ́wọ́ òsì. Kíá ni Jídé ti kó ọwọ́ pa mọ́ sẹ́yìn, ó rò pé èébú ni. Málàm fà á jáde, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n tẹ egungun ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá sọ fún un lédè Hausa pé, "Ọmọ yìí, ogún ọdún ni mo fi wá irú ọwọ́ yìí nínú àwọn ọmọ tèmi." Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà. Àgbàlagbà kankan kò yin ọwọ́ yẹn rí.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìtàn dambe. Málàm ní láyé àtijọ́, àwọn alápatà nìkan ló ń jà á. Ọmọ alápatà ló ń di alápatà, ẹran wọn dùn lẹ́nu gbogbo ayé, ṣùgbọ́n gbogbo ayé kọ́ ló fẹ́ fi ọmọ fún wọn. Bí ìkórè bá ti parí, tí ọkà bàbà ti wọ àká, wọ́n á kó ọ̀bẹ, wọ́n á da màlúù síwájú, wọ́n á máa ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, nítorí àsìkò náà ni ìgbéyàwó àti ìnáwó pọ̀ jù. Wọ́n á pa ẹran láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jáde sí gbangba, wọ́n á pe àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ níjà. "Ẹni tí kò lè fún mi lọ́mọ láàárọ̀," ni Málàm máa ń wí, "òun ló máa pariwo orúkọ mi jù nírọ̀lẹ́."

Wọ́n ní ogun ló bí i kó tó dọ́wọ́ àwọn alápatà. Jagunjagun á fi ọwọ́ kan gbé apata, á fi èkejì mú ọ̀kọ̀. Nígbà tí kò bá sógun, wọ́n á fi apata àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀ nílé, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ lásán dánra wò, kí ara má bàa gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí oníjà dambe fi máa ń la àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ síwájú, òun ni apata. Èkejì ni wọ́n ń fi aṣọ òwú dì, tí wọ́n ń fi okùn wé títí á fi le bí òkúta, òun ni ọ̀kọ̀. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n ń jà. Bí ọwọ́, orúnkún tàbí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ó parí, wọ́n á ní kisa, pé ó ti kú. Ẹni tó "kú" náà á dìde, á gbọn eruku nù, á lọ mu fúrá pẹ̀lú ẹni tó "pa" á. Bóyá gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, èmi kò mọ̀. Málàm kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí a bá jiyàn, etí wọn kan tó ti wú, tó ti ká jọ bí olú gbígbẹ, ni wọ́n máa ń fọwọ́ kàn, pé, "Ibí ni wọ́n kọ ọ́ sí."

Bàbá kò gbà. Bí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé, wọ́n á gbé àga síta, àwọn àti Málàm á máa jiyàn lójú ọ̀nà. Bàbá ní ìjàkadì ni bàbá gbogbo ìjà ọwọ́ lásán, Ọ̀fà ló sì ti ṣẹ̀. Wọ́n ní ìjà ọmọlúàbí ni, ẹ ó dìmọ́ra, ẹ ó dá ara yín lulẹ̀, ẹ ó sì fa ara yín dìde láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Málàm á bi wọ́n pé, "Ẹni tó dì mọ́ ọ yẹn, ṣé ó ń bá ọ jà ni, àbí ó ń kí ọ?" Bàbá á bínú wọlé. Láti inú ilé ni wọ́n á ti máa kìlọ̀ fún Jídé pé àwọn kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ọmọ àwọn dúró síbi tí wọ́n ti ń ja ẹ̀ṣẹ́, nítorí àgbà ìjọ ni àwọn.

Bẹ́ẹ̀, kí fèrè Bàbá tó dákẹ́ ní ibùdókọ̀, Jídé ti wà ní ẹ̀yìn ilé Málàm. Èmi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọ́n fi aṣọ kún àpò ìrẹsì, wọ́n ní kí n máa gbé e síwá sẹ́yìn kí Jídé máa wá a. Mo gbádùn rẹ̀ ju eré lańgà lọ, èyí tí a ti ń di ẹsẹ̀ kan mú lẹ́yìn, tí a ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí èkejì. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbàgbé, mo yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò láti wo bí ọwọ́ náà ṣe ń bọ̀. Ó bọ̀ lóòótọ́. Eyín mi ṣubú sínú iyẹ̀pẹ̀. Jídé ló ń sunkún, èmi ń rẹ́rìn-ín, nítorí Málàm ti ń pariwo pé, "Ẹ wo bó ṣe yá! Ọmọ náà ò tilẹ̀ rí i!" Mo sọ fún Màmá pé mo ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi.

Ìkórè dé, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè wa gbogbo ń là. Àwọn alápatà láti Fùntúà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ ní Dogarawa, abúlé kan tí kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti gé ọkà kúrò lórí pápá kan, àti pé ọ̀dọ́kùnrin àwọn kan tó ń jẹ́ Gárbà kò tíì kan ilẹ̀ rí látọdún tó kọjá. Málàm ní Jídé ni òun máa mú jáde. Ọjọ́ Sátidé ni, Bàbá sì yẹ kó wà lójú irin. Jídé ní èmi kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé àwọn, pé ọmọbìnrin kékeré ni mí, wọ́n á tẹ̀ mí pa. Mo sunkún títí. Èmi tí mo fi eyín sílẹ̀ fún un!

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí Bàbá yọ ní kọ̀rọ̀, aṣọ gáàdì lọ́rùn. Ọkọ̀ wọn kò lọ mọ́ lọ́jọ́ náà. "Fọlákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ó ti pẹ́ tó. Mo lè parọ́. Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó ti múra tán. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá sọ, Bàbá máa lọ, bí Bàbá bá sì máa lọ, àfi kí wọ́n mú mi dání láti júwe ibẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ń ja dambe ní Dogarawa, sà. Mo mọ ọ̀nà."

Bàbá kò wọlé. Wọ́n gbé mi ka orí irin iwájú kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì wà á bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mò ń gbọ́ èémí wọn lórí mi, ọyẹ́ ń ta mí lójú, ẹ̀rí ọkàn ń jẹ mí, ayọ̀ sì ń pa mí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo gbọ́ ariwo èrò láti òkèèrè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ìpàdé kejì ni wọ́n wà nígbà tí a já wọ àárín èrò. Gárbà ga, ó síngbọnlẹ̀, orí rẹ̀ ń dán fún òróró. Jídé dúró níwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ níhòhò, ọ̀tún rẹ̀ là sílẹ̀ bí apata, òsì rẹ̀ tí wọ́n dì gàgàrà wà lẹ́yìn, ó ń dúró de àyè. Inú mi dùn débi pé mo kígbe, "Jídé!" Ó gbójú sókè. Ó rí Bàbá.

Ó sì kó ọwọ́ òsì pa mọ́ sẹ́yìn.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀tàn ni. Gárbà kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ba Jídé nídìí etí, mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n la igi. Ẹ̀gbọ́n mi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó doríkodò, ìka rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Kò kàn án. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú ara rẹ̀ dúró bí ẹni tó wà lórí okùn, ó sì nàró. Wọ́n là wọ́n pé kí wọ́n lọ sinmi.

Bàbá wọ inú agbo. Èmi ni mo fà á. Málàm Dánládì wá pàdé wọn, wọ́n ní, "Ọmọ rẹ ni. Bí o bá mú un lọ, kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní ó ti kú." Kí Bàbá tó fèsì, àwọn èèyàn ti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. "Baban Bahago!" ni wọ́n ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì, bàbá ọlọ́wọ́ òsì. Àwọn àgbààgbà alápatà ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ti ń fi pa mọ́ láti ọdún yìí wá ni gbogbo Dogarawa ń fi kí wọn.

Wọ́n lọ bá Jídé. "Mú ọwọ́ yẹn wá."

Jídé mú un jáde láti ẹ̀yìn. Bàbá wò ó pẹ́. "Ta ló di èyí?"

"Èmi ni," ni Málàm wí.

"Ó ti tú." Bàbá kúnlẹ̀ ìdajì nínú eruku, wọ́n mú ẹnu okùn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wé e bí wọ́n ṣe ń di ẹrù nínú ọkọ̀ gáàdì, wọ́n ń fi eyín fà á le. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n sọ fún un ní Yorùbá, kí àwọn Hausa má bàa gbọ́, pé, "Bí a bá délé, màá nà ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹlòmíràn nà ọ́ níbí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìpàdé kẹta! Gárbà wọlé bí akọ màlúù. Jídé sún sẹ́yìn, ó tún sún, gbogbo wa ń sún pẹ̀lú rẹ̀. Láti kékeré ni Gárbà ti ń bá àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún jà, ibi tí wọ́n ti máa ń gbá èèyàn ló ń ṣọ́. Jídé fi ọ̀tún fẹ́ ẹ lójú bí ẹni ń lé eṣinṣin. Gárbà gbé apata rẹ̀ sókè sí apá ibi tí ẹ̀ṣẹ́ kankan kò ti bọ̀. Òsì jáde. Mo mọ bó ṣe ń yára tó ju gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ, síbẹ̀ mi ò rí i. Àgbọ̀n Gárbà ló bà. Orúnkún rẹ̀ rọ, ó jókòó wọ̀ọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì kan ilẹ̀.

"Kisa!" Ariwo tó sọ kì í ṣe kékeré. Àwọn èèyàn ń ju fìlà sókè, wọ́n ń fò lé ara wọn lórí. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ fèrè kan tó ń dún fííí, fííí, láìdákẹ́. Mo wo òkè. Bàbá wa ni, àgbà ìjọ, fèrè réluwéè lẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, wọ́n ń fọn ọn bíi pé gbogbo pápá náà ló fẹ́ gbéra lọ sí Kaura Namoda.

Bàbá kò tàsé ìlérí wọn. Ẹgba mẹ́fà ni Jídé jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi jẹ mẹ́ta lórí irọ́ ẹ̀rọ omi tí mo pa nípa eyín mi, tí òótọ́ rẹ̀ ti wá hàn. Lẹ́yìn náà la jọ jókòó ti itan àgbò tí àwọn ará Fùntúà fi yẹ́ Jídé sí. Bàbá kò sọ ẹni tó tú àṣírí. Èmi fúnra mi ni mo jẹ́wọ́, pẹ̀lú omi lójú. Jídé ń jẹ ẹran lọ. Ó ní, "Mo rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ẹ̀dá yìí. Bí o ò bá mú wọn wá, okùn yẹn ì bá tú tán." Ó sì já ibi tó lọ́ràá jù fún mi.

Láti ọjọ́ kejì, a kò rí àjákù aṣọ yẹn nídìí oúnjẹ mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀. Bàbá àti Málàm kò ṣíwọ́ iyàn jíjà. Ohun tó kàn yí padà ni pé Bàbá wá ní ẹ̀rí tuntun: wọ́n ní ó dá àwọn lójú pé ará Ọ̀fà kan ló rìnrìn àjò wá sókè Hausa láyé àtijọ́, tí kò rí ẹni tó mọ ìjàkadì bá a jà, ló bá kọ́ àwọn alápatà ní dambe. Málàm rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Jídé ja dambe fún ìkórè kan sí i, kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlọrin, níbi tó ti ń gbé di òní. Málàm ti lọ, Bàbá ti lọ. Èmi ń gbé Ìbàdàn báyìí pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Dambe ti kúrò ní pápá ọkà. Inú gbọ̀ngàn oníná mànàmáná ni wọ́n ń jà á, dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, aago ń ka ìṣẹ́jú, ọmọ ẹnikẹ́ni sì lè jà á, ì báà má jẹ́ ọmọ alápatà. Èyí dára, mi ò ní sọ pé kò dára, nítorí mo mọ àwọn tí ojú wọn fọ́ láyé tiwa tí kò sí dókítà kankan nítòsí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń rí i lórí fóònù nígbàkúùgbà, wọn kì í dúró de ìkórè, wọn kì í sì í jẹ ẹgba nítorí rẹ̀. Wọ́n á wo ẹyọ kan, wọ́n á sún un sókè, wọ́n á bọ́ sí nǹkan mìíràn.

Láyé tiwa, bí ìjà bá parí, ìgbà yẹn gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀. Láti Dogarawa dé Sábó, gbogbo ọ̀nà á kún fún èèyàn tó ń ja ìjà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, tí oníkálukú ń ṣe àfihàn ibi tí ẹ̀ṣẹ́ gbà wọlé. Ní báyìí, bí ìjà bá parí, ojú fóònù á kàn ṣókùnkùn, inú yàrá á pa rọ́rọ́. Ní oṣù tó kọjá ni mo wo ọ̀kan tó dùn débi pé mo dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tí mo lè rò ó fún nínú ilé. Mo pe Ìlọrin. Jídé gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. A kò kí ara wa. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lédè Hausa, pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tó wà lójú ọ̀nà nínú eruku.